"Species" ni àbí "specie"? Ẹ bá wa dá sí i kí ìdánwò àwọn ọmọ tó dé

Olùkọ́_Ìkọ̀lé kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà lójú òpó yìí. Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní agbègbè Ìkọ̀lé-Èkìtì, àwọn tí yóò jókòó ṣe ìdánwò WAEC ni mo sì ń múra sílẹ̀ fún lọ́wọ́lọ́wọ́. Orí ẹ̀kọ́ tí a wà ni bí a ṣe ń pín àwọn ohun ẹlẹ́mìí sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan níbẹ̀ ti dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwa olùkọ́, "species" ni ọ̀rọ̀ náà. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ tí a jọ ń lò, ohun tí a tẹ̀ síbẹ̀ ni "a specie is a group of organisms", ibi tí ó bá sì ti ju ẹyọ kan lọ nìkan ni a ti rí "species". Ẹni tí ó kọ ìwé náà jù mí lọ lọ́jọ́ orí àti lẹ́nu iṣẹ́. Àlàyé rẹ̀ ni pé lẹ́tà "s" tí ó wà ní ìparí ni ó ń sọ ọ́ di ọ̀pọ̀, bí a ti ń sọ "yam" kan tí a sì ń sọ "yams" púpọ̀. Ó dá mi lójú pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi ẹnu lásán bá àgbà jiyàn. Mo ń fẹ́ ẹ̀rí tí mo lè gbé síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ìbéèrè kejì tilẹ̀ jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Nígbà tí mo ní kí àwọn ọmọ dárúkọ species iṣu tí wọ́n mọ̀, gbogbo orúkọ iṣu tí wọ́n ti gbọ́ lóko àti lọ́jà ni wọ́n tò kalẹ̀: ewùrà, gàmbàrí, èsúrú, àmúlà. Èwo nínú wọn ni ó jẹ́ species, èwo ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kí sì ni n óò sọ fún ọmọ tí ó bá bi mí pé kí ló dé?

Alátúnṣe_Adó kọ pé:

Olùkọ́ wa, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ìwé wò kí ó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé, àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni ó sì pọ̀ jù nínú èyí tí ń gba ọwọ́ mi kọjá níbí ní Adó. Ọ̀rọ̀ tí mo ń tún ṣe tó èyí kò pọ̀.

"Species" ni ẹyọ, "species" náà sì ni ọ̀pọ̀. Inú èdè Látìn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú un, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti rí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ olùwà nínú gbólóhùn, ìparí rẹ̀ kì í yí padà, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan, ìbáà jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Lẹ́tà "s" tí àgbà wa ń tọ́ka sí yẹn, ara ọ̀rọ̀ náà gan-an ni. Kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni fi kún un, nítorí náà kò sí ohun tí a lè yọ kúrò níbẹ̀. Ẹ bi àgbà wa pé báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ẹyọ "series". Ọ̀nà kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì gbà wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ẹni tí ń kọ "a serie of lessons".

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ni ó ń fi iye hàn. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ, a óò kọ "this species is", "one species grows", "a species of yam". Bí ó bá jẹ́ ọ̀pọ̀, a óò kọ "these species are", "several species grow", "four species of yam". Ẹ kíyè sí i pé "yam" tí ó tẹ̀ lé "species of" kò nílò "s" nínú gbólóhùn méjèèjì. Lójú tèmi, kò yẹ kí èyí nira fún ọmọ Yorùbá rárá, nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ tiwa náà kì í pààrọ̀ ìrísí: ajá kan, ajá mẹ́ta, àwọn ajá. Ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá ni ó ń sọ iye rẹ̀ fún wa. Ẹ fi ìyẹn kọ́ wọn, yóò yé wọn kíá.

Ọmọ_Ìjerò kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun fún àlàyé yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ni mí. Ohun kan ṣì ń rú mi lójú: mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì rí "specie" níbẹ̀ láìsí "s". Bí kò bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tòótọ́, kí ló ń wá nínú ìwé atúmọ̀ èdè?

Alátúnṣe_Adó kọ pé:

Ọ̀rọ̀ tòótọ́ ni, àbúrò, ṣùgbọ́n ka ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀. Owó tí a fi irin rọ, pàápàá wúrà àti fàdákà, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, láti fi yà á sọ́tọ̀ kúrò lára owó bébà. Inú gbólóhùn Látìn kan, "in specie", ni ó ti wá, àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ọrọ̀ ajé ni ó sì ń lò ó jù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ "a specie of yam" ti mú ọ̀rọ̀ ilé ìfowópamọ́ wọ inú oko. Ohun tí ó jẹ́ kí àṣìṣe náà máa tàn kálẹ̀ nìyẹn: kọ̀ǹpútà kì í fa ìlà pupa sí abẹ́ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ gidi ni lójú tirẹ̀. Ojú èèyàn ni ó gbọ́dọ̀ rí i.

Ìyá_Ewéko kọ pé:

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìmọ̀ nípa ewéko ni mo fi ṣiṣẹ́ jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, inú mi sì dùn pé a gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Alátúnṣe ti yanjú apá ti èdè. Apá ti ìmọ̀ ni ó kù, òun gan-an ni mo sì rò pé ó ń da àwọn ọmọ láàmú, nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tí species jẹ́ kò lè mọ ìgbà tí òun ń sọ̀rọ̀ nípa ẹyọ kan àti ìgbà tí òun ń sọ̀rọ̀ nípa púpọ̀.

Àlàyé tí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ń lò jù lọ ni èyí tí Ernst Mayr gbé kalẹ̀ ní 1942. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni, Amẹ́ríkà ni ó sì ti ṣiṣẹ́. Ó ní species ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ń bá ara wọn gùn, tàbí tí wọ́n lè bá ara wọn gùn, ní ibùgbé wọn láìsí pé èèyàn fipá mú wọn, tí ìbísí wọn kò sì dà pọ̀ mọ́ ti ẹgbẹ́ mìíràn. Ìbaaka ni àpẹẹrẹ tí mo máa ń lò ní kíláàsì. Ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lè gun ara wọn kí wọ́n sì bí ìbaaka, ṣùgbọ́n ìbaaka fúnra rẹ̀ kì í sábà bímọ. Ẹṣin ní chromosome (okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tí ó gbé àbùdá) 64, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní 62, ìbaaka wá jogún 63, iye tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba nígbà tí ara bá fẹ́ ṣe ẹyin tàbí àtọ̀. Species méjì ni ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nítorí náà, bí wọ́n tilẹ̀ jọra tó bẹ́ẹ̀. Ní ìdà kejì, ajá ilé wa tí ó rù àti ajá òyìnbó onírun jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ kò jọra rárá, síbẹ̀ species kan ṣoṣo ni wọ́n, nítorí ọmọ tí wọ́n bá bí yóò bí ọmọ tirẹ̀. Ìrísí nìkan kọ́ ni ìdájọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí iṣu, nítorí Èkìtì ni a wà. Genus kan (ìsọ̀rí tí ó kó àwọn species tí ó bá ara wọn tan jọ) ni gbogbo iṣu wa wà nínú rẹ̀, *Dioscorea*, èyí tí wọ́n fi sọ orí oníṣègùn Gíríìkì àtijọ́ kan, Dioscorides. Species inú rẹ̀ ní gbogbo ayé tó nǹkan bí 600. Iṣu funfun tí a fi ń gún iyán ni *Dioscorea rotundata*. Iṣu tí inú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ni *Dioscorea cayenensis*. Ewùrà ni *Dioscorea alata*, èsúrú sì ni *Dioscorea dumetorum*. Species mẹ́rin nìyẹn. Kí Olùkọ́ wa mú àwọn ọmọ lọ sí oko lẹ́yìn tí iṣu bá ti gun ọ̀pá tán, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wádìí. Kí wọ́n di ìtàkùn ewùrà mú, kí wọ́n fi ìka méjì yí i díẹ̀díẹ̀: wọn yóò rí i pé kò rí roboto, igun mẹ́rin ni ó ní, ara igun kọ̀ọ̀kan sì yọ jáde fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Linnaeus, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Sweden, fi pè é ní *alata* ní 1753, nítorí "abìyẹ́" ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní Látìn. Kí wọ́n wá di ti iṣu funfun mú: roboto ni, ó sì sábà máa ń ní ẹ̀gún ní ìsàlẹ̀. Kí wọ́n wo ewé èsúrú, mẹ́ta-mẹ́ta ni ó pín sí lórí ọpá ewé kan, irun wà lára rẹ̀, ìtàkùn rẹ̀ sì ń lọ́ mọ́ ọ̀pá sí ìhà kejì sí èyí tí ti iṣu funfun àti ewùrà ń lọ́ sí. Ọmọ tí ó bá ti rí èyí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ kò tún ní ha species sórí mọ́.

Gàmbàrí àti àmúlà kò sí nínú ìlà yìí. Inú *Dioscorea rotundata* ni àwọn méjèèjì wà.

Àgbẹ̀_Ọ̀yẹ́ kọ pé:

Màmá, mo dọ̀bálẹ̀ o. Iṣu ni mo ń gbìn, n kò sì fẹ́ kí ẹ bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Àwa tí a wà nínú ebè mọ̀ pé iṣu funfun kì í ṣe ohun kan náà. Ọ̀kan ń tètè ta, òmíràn ń pẹ́. Iyán ọ̀kan ń fà, ti òmíràn kì í fà. Ọ̀kan ń ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ olókùúta, òmíràn kò ní ta níbẹ̀ rárá. Bí a bá gbé wọn jọ sílẹ̀, ọmọdé tí ó ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sóko yóò pe ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Àwọn ìyàtọ̀ wọ̀nyí kì í yí padà láti ọdún dé ọdún. Tí ìwé bá wá ní species kan náà ni gbogbo wọn, ṣé kì í ṣe pé ìwé kò rí ohun tí àgbẹ̀ rí ni?

Ìyá_Ewéko kọ pé:

Ọmọ mi, inú kì í bí mi sí irú ìbéèrè báyìí. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ sọ, ìwé náà sì rí i, orúkọ mìíràn ni ó fún un. Ohun tí ẹ ń ṣàpèjúwe ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "cultivar" tàbí "variety", ìpele tí ó wà ní abẹ́ species.

Ẹ wo ọ̀nà tí ẹ ń gbà gbin iṣu. Èbù ni ẹ ń gé, ẹ kì í gbin kóró. Èbù tí ẹ gé lára gàmbàrí, ara gàmbàrí náà ni, kò gba ohunkóhun lọ́dọ̀ iṣu mìíràn. Ìdí tí ìyàtọ̀ tí ẹ rí kò fi ń yí padà láti ọdún dé ọdún nìyẹn: iṣu kan náà ni ẹ ń pín tí ẹ sì tún ń gbìn láti ìgbà àwọn baba yín. Ṣùgbọ́n iṣu máa ń yọ òdòdó, akọ wà, abo sì wà, lórí ìtàkùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí òdòdó akọ ti irú kan bá bá òdòdó abo ti irú kejì pàdé nínú *rotundata* yìí, wọ́n lè so kóró tí yóò hù. Ọ̀nà yìí ni àwọn tí ń ṣe irú iṣu tuntun ní ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn ń gbà ṣiṣẹ́. Ìyàtọ̀ tí ọwọ́ àgbẹ̀ dá sí kò sọ ohun ọ̀gbìn di species ọ̀tọ̀, bí ó ti wù kí ìyàtọ̀ náà níye lórí tó nínú odó.

N óò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ogiri tí ó wà láàárín species kan àti èkejì máa ń dúró gbọn-in nígbà gbogbo. Àwọn onímọ̀ ti ń bá ara wọn jiyàn tipẹ́ lórí *rotundata* àti *cayenensis*. Àwọn kan ní species méjì ni wọ́n, àwọn kan ní ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ìyàtọ̀ inú ilé. Àlàyé Mayr pàápàá kò bá gbogbo ohun ẹlẹ́mìí mu, nítorí bakitéríà kì í gun ara wọn. Species jẹ́ ìdájọ́ tí a gbé karí ẹ̀rí, ẹ̀rí tuntun sì lè yí i padà. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn yẹn kò kan gàmbàrí àti àmúlà. Kò sí onímọ̀ tí ó ń pe ìyẹn ní species méjì.

Aládé_Ọjà_Ọba kọ pé:

Obì àti orógbó ni mo ń tà ní Ọjà Ọba ní Adó. Ẹ bá mi wò ó, Màmá: gbànja, obì àbàtà àti orógbó, ṣé species mẹ́ta ti ohun kan náà ni wọ́n? Ọmọ mi tí ó wà ní SS2 ní wọ́n ní "kola" ni gbogbo wọn.

Ìyá_Ewéko kọ pé:

Aládé, ìbéèrè rẹ wúlò gan-an. Species mẹ́ta ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n méjì péré ni ó jẹ́ ìbátan tímọ́tímọ́. Gbànja ni *Cola nitida*, obì àbàtà ni *Cola acuminata*. Genus kan náà ni wọ́n, *Cola*, tí species inú rẹ̀ lé ní 100. Ìwọ tí o ń là á lójoojúmọ́ mọ ìyàtọ̀ wọn ju ìwé lọ: awẹ́ méjì ni gbànja ń pín sí, obì àbàtà sì máa ń pín sí mẹ́ta títí dé mẹ́fà, èyí tí ó pín sí mẹ́rin ni a sì ń wá fún ètùtù àti ìgbéyàwó. Àwọn onímọ̀ ewéko náà ń fi iye awẹ́ yìí dá wọn mọ̀.

Orógbó ni *Garcinia kola*. Wo ibi tí "kola" wà nínú orúkọ yẹn: ipò kejì ni, lẹ́tà kékeré ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀. *Garcinia* ni genus rẹ̀, ìdílé (ìsọ̀rí tí ó ga ju genus lọ) Clusiaceae ni ó sì wà, kò bá obì tan. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fún un lórúkọ wulẹ̀ fi obì ṣe àpèjúwe rẹ̀ ni. Kí ọmọ rẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kejì nínú orúkọ kò lè dá dúró bí orúkọ species. Ẹ̀gẹ́ ni *Manihot esculenta*, kókò ni *Colocasia esculenta*, ìtumọ̀ *esculenta* kò sì ju "ohun jíjẹ" lọ. Bí ẹnìkan bá kọ "esculenta" nìkan, ta ni yóò mọ èyí tí ó ń sọ? Ọ̀rọ̀ méjèèjì pa pọ̀ ni orúkọ species.

Ohun tí yóò ya ọmọ rẹ lẹ́nu ni pé igi kòkó, *Theobroma cacao*, sún mọ́ obì ju orógbó lọ. Kòkó, obì, ilá àti ewédú, inú ìdílé kan náà ni gbogbo wọn wà, Malvaceae.

Olùkọ́_Ìkọ̀lé kọ pé:

Màmá, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ iye awẹ́ yìí sínú ìwé mi, mo sì máa mú obì lọ sí kíláàsì. Ohun tí ẹ sọ nípa lẹ́tà kékeré rán mi létí pé àwọn ọmọ ń pàdánù máàkì gan-an lórí bí a ṣe ń kọ orúkọ wọ̀nyí. Alátúnṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tò ó fún mi. Ẹ fi "sp." àti "spp." kún un pẹ̀lú, mo máa ń rí wọn nínú ìwé láìsí àlàyé.

Alátúnṣe_Adó kọ pé:

Lẹ́tà ńlá ni genus fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà kékeré ni ọ̀rọ̀ kejì fi ń bẹ̀rẹ̀, kódà bí ó bá jẹ́ orúkọ ìlú tàbí èèyàn ni wọ́n ti fà á yọ. Nínú ìwé títẹ̀, lẹ́tà tí ó dà sí ẹ̀gbẹ́ ni a fi ń tẹ méjèèjì. Bí a bá fi bíró kọ ọ́, a óò fa ìlà sí abẹ́ wọn, abẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ìlà wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó má ṣe jẹ́ ìlà kan gbọọrọ. Tí a bá ti kọ orúkọ náà ní kíkún lẹ́ẹ̀kan, a lè gé genus kúrú lẹ́yìn náà: *Dioscorea alata* lákọ̀ọ́kọ́, *D. alata* lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣọ́ra bí genus méjì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kan náà nínú ìdáhùn kan, bí *Cola* àti *Colocasia*. Kí wọ́n kọ ọ́ ní kíkún níbẹ̀.

"sp." dúró fún species kan tí a kò tíì dá mọ̀ tàbí tí a kò fẹ́ dárúkọ. Bí o bá rí ìtàkùn iṣu kan nínú igbó tí o mọ genus rẹ̀ ṣùgbọ́n tí o kò mọ ìyókù, *Dioscorea* sp. ni o máa kọ. "spp." dúró fún ju ọ̀kan lọ: *Dioscorea* spp. ni èèyàn ń kọ bí ó bá ń sọ̀rọ̀ nípa oríṣiríṣi iṣu pa pọ̀. A kì í dà lẹ́tà wọn sí ẹ̀gbẹ́, a kì í sì í fa ìlà sí abẹ́ wọn. Ibí nìkan ni ìyàtọ̀ ẹyọ àti ọ̀pọ̀ ti hàn lára ọ̀rọ̀ yìí, nínú ìkékúrú rẹ̀.

Nígbà tí a wà níbẹ̀, ẹ bá wọn wo "Homo sapien" náà. Arákùnrin "specie" ni. *Homo sapiens* ni Linnaeus kọ ní 1758, "s" tí ó wà ní ìparí *sapiens* kì í ṣe àmì ọ̀pọ̀, ara ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí "ọlọ́gbọ́n" ni. Èèyàn kan ṣoṣo jẹ́ *Homo sapiens*. Ní ti genus, òun ní ọ̀pọ̀ tirẹ̀: genus kan, genera méjì.

Ọmọ_Ìjerò kọ pé:

Mo rí orúkọ tí ó ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú ìwé kan nípa àwọn ìnàkí tí ó wà nínú igbó ọba ní Ìsẹ̀-Èkìtì: *Pan troglodytes ellioti*. Ṣé "cultivar" ni ọ̀rọ̀ kẹta yẹn, bíi ti gàmbàrí?

Ìyá_Ewéko kọ pé:

Rárá, ọmọ mi. "Cultivar" jẹ́ ti ohun ọ̀gbìn tí èèyàn yàn tí ó sì ń tọ́jú, ìnàkí inú igbó kò sì ní olóko. Ọ̀rọ̀ kẹta nínú orúkọ ẹranko ni "subspecies". *Pan* ni genus, *Pan troglodytes* ni species, *ellioti* sì ni ẹ̀ka inú rẹ̀ tí ó wà ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Ẹ̀ka mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń kà nínú species náà káàkiri Áfíríkà, ti ọ̀dọ̀ wa yìí sì wà lára àwọn tí ó wà nínú ewu ìparun. Àwọn ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè gun ara wọn bí wọ́n bá pàdé. Odò àti jíjìnnà ibùgbé ni ó yà wọ́n. Nínú genus *Pan*, species méjì péré ni ó wà láyé lónìí, èkejì ni *Pan paniscus* tí ó wà ní ilẹ̀ Kóńgò nìkan. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ kọ gbólóhùn nípa igbó Ìsẹ̀, má ṣe kọ pé "a rare species found only in Nigeria and Cameroon", "subspecies" ni kí o kọ. Ìyàtọ̀ kékeré kọ́ ni fún ẹni tí ó ń jà fún ààbò wọn, nítorí ẹ̀ka kan lè parun tán pátápátá kí àwọn èèyàn sì máa sọ pé species náà ṣì wà níbòmíràn.

Àgbẹ̀_Ọ̀yẹ́ kọ pé:

Ó ti yé mi, Màmá. Nínú ilé wa, "uṣu" ni a ń pe iṣu, ará Ọ̀yọ́ ń pè é ní "iṣu", Haúsá ní orúkọ tirẹ̀. Mo rí ìdí tí wọ́n fi nílò orúkọ kan tí gbogbo ayé yóò jọ máa lò. Ṣùgbọ́n tí olùkọ́ bá bá mi dé oko, èmi ni n óò sọ irú tí ó ń fà nínú iyán fún un.

Olùkọ́_Ìkọ̀lé kọ pé:

Bàbá, n óò dé oko yín, n óò sì kó àwọn ọmọ dání bí ẹ bá gbà. Mo gbé ìwé atúmọ̀ èdè àti àlàyé lórí "series" lọ bá àgbà wa. Wọ́n kà á, wọ́n ní kí n bá àwọn tún ojú-ìwé náà kọ. Mo ti kọ gbólóhùn mẹ́rin tí n óò fi dán àwọn ọmọ wò ní ọjọ́ Ajé. Ọ̀kan péré ni ó tọ̀nà, mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ àṣìṣe sí ìyókù ni. Ọmọ_Ìjerò, bẹ̀rẹ̀ ná:

A. "Water yam is a specie of the genus *Dioscorea*."
B. "Gambari and Amula are two species of yam."
D. "Two species of *Cola* are sold in our market."
E. "*Cola* and *Garcinia* are two different genus."

Ọmọ_Ìjerò kọ pé:

D ni ó tọ̀nà. Gbólóhùn A nílò "species". B kò ní àṣìṣe èdè, ìmọ̀ ni ó ṣì, "cultivars" ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. E nílò "genera".

Alátúnṣe_Adó kọ pé:

Ó gba gbogbo rẹ̀. Olùkọ́, ẹ fún B ní máàkì tí ó pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí ẹni tí ó mọ gírámà nìkan yóò fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà.